Ìyàwó Ẹ̀rọ

Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin kì í pẹ́ wá àwáwí tí yóò fi máa rí i. Ọ̀kan á ní omi lòun wá mu, òmíràn á ní ṣe lòun ṣìnà. Ti Ọ̀bẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Máníjà ilé iṣẹ́ ló pàṣẹ fún un pé láràárọ̀ ni kó máa lọ bá ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ ńlá, kó dúró tì í, kó buwọ́ lùwé, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín: ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbin ìfẹ́ náà, òun náà ló sì wá fẹ́ fà á tu lójú àwọn tó ń bomi rin ín.

Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá náà wà láàárín gbọ̀ngàn, ó gùn bí ọkọ̀ akẹ́rù, bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, àfi kéèyàn pariwo kí ẹnì kejì tó gbọ́. Bàbá tó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nítorí pé ojú rẹ̀ ò dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa mọ́. Kó tó lọ, ó ti kọ́ ọmọbìnrin kan ní gbogbo ohun tó mọ̀, láìfi ẹyọ kan pamọ́. Ọmọbìnrin yìí làwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ìyàwó Ẹ̀rọ, nítorí bó ṣe máa ń dẹ etí sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí lójú oorun. Bí omi bá pọ̀jù lára rólà tó ń yí yíǹkì sára bébà, tàbí tí yíǹkì bá fẹ́ dì, yóò ti gbọ́ ọ kó tó hàn lára bébà.

Iṣẹ́ wọn ní àṣà kan. Bébà àkọ́kọ́ tó bá jáde tó mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pé, olórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó buwọ́ lù ú, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Bébà yẹn ni wọ́n máa ń fi han oníbàárà. Ọjọ́ tí bàbá àgbà náà lọ, Máníjà pe ọmọbìnrin náà sí ọ́fíìsì.

"Iṣẹ́ ẹ dáa, mi ò ní purọ́," ó ní. "Máa bá a lọ ná títí tá a fi máa yan olórí. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá rí orúkọ obìnrin lára bébà yẹn, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀. Ọkùnrin kan á máa bá ẹ buwọ́ lù ú."

"Ta ni, sà? Nínú wọn, ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò ní kó mọ̀ ọ́n. Mo ní kó buwọ́ lù ú."

Ọkùnrin tó ń gé bébà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n yàn, nítorí pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń pè é. Ó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró bí ẹni tí wọ́n rán wá gba gbèsè.

"Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní kí n wá... ẹ̀yin náà ti gbọ́."

Ọmọbìnrin náà na bébà sí i láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀bẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ó dáa."

"Ibo ló ti dáa?"

"Ibi gbogbo."

"Ibi gbogbo! Pupa tó wà lápá òkè yẹn ti yà kúrò láyè ẹ̀, ẹ ò rí i? Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó bàjẹ́ fún yín ni."

Ojú tì í. Ó gbé bébà náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò. "Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé e. Èmi náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣe yìí ò bójú mu."

"Tẹ́ ẹ bá mọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ wá?"

"Tí mi ò bá wá, ẹlòmíì á wá. Onítọ̀hún ò sì ní tọrọ àforíjì."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti múra ìjà sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n ta ni èèyàn fẹ́ bá jà nígbà tí ọ̀tá bá ti dọ̀bálẹ̀? Ó mú bébà tó dára fún un, ó sì fi hàn án ibi tó yẹ kó máa wò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí àsìkò òjò tó parí, Ọ̀bẹ ti ń dé kí wọ́n tó pè é. Bébà kan tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, yóò fi wákàtí yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀bẹ, ṣé ò ń buwọ́ lùwé ni àbí ò ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ?"

Ìyá Sítọ́ọ̀ ló wá di alárinà wọn. Obìnrin àgbà tó ń tọ́jú bébà àti yíǹkì ni, opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹ̀rọ tí Ọ̀bẹ fi ń gé bébà lọ. Lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin náà wá gba yíǹkì, ó tì í lẹ́jìká.

"Ọmọkùnrin yẹn ní kí n bá òun bẹ ẹ̀rọ ńlá."

"Bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe kí ni, màmá?"

"Kó yọ̀ǹda ìyàwó ẹ̀ fún òun."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí yíǹkì fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sídìí ẹ̀rọ, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń dákẹ́ kó tó fèsì, bó ṣe jẹ́ pé kò purọ́ rí pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ tó bá ti ń wo ọwọ́ náà tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ òun, nǹkan kan máa ń ta á láyà. Ṣé ọwọ́ yìí náà lòun fẹ́ di mú títí ọjọ́ alẹ́?

Ó bi í léèrè lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n jọ ń lọ sílé. Wọn ò pe ara wọn ní ẹ̀yin mọ́ nígbà yẹn.

"Tí wọ́n bá ní kí o jẹ olórí ẹ̀rọ ńlá, ṣé wàá gbà?"

"Èmi? Kí n gbà kí n fi ṣe kí ni? Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, gbogbo ìwé ìròyìn ló máa di aláwọ̀ ewé." Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ìwọ ló ni ín. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìwọ ló ni ín."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń yan olórí."

"Mo wà lẹ́yìn ẹ. Ohunkóhun tó bá gbà ni màá fún un."

Ó dùn létí, ọmọbìnrin náà sì gbà á gbọ́.

Àwọn òbí wá dá sí i. Ìyá Ọ̀bẹ, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó síwájú ọmọbìnrin náà nínú pálọ̀, ó ń wo èékánná rẹ̀ tí yíǹkì kò kúrò lára rẹ̀ mọ́ bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "Ojú ẹ wù mí. Ṣùgbọ́n láàárín ọkùnrin, láàárín epo, tó o bá délé tó ti rẹ̀ ẹ́, ìgbà wo lo máa gbọ́ tọkọ? Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wá nǹkan míì ṣe. Mo lè kọ́ ẹ ní aṣọ rírán."

"Ẹ ṣé, màmá. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ṣẹ́."

"Mo gbọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin lo kọ́."

Ọ̀bẹ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kó má dá ìyá òun lóhùn, àgbàlagbà ni.

Bàbá ọmọbìnrin náà kò tiẹ̀ bínú. Bíríkìlà ni, ó ti darúgbó, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ṣe Ọ̀bẹ lálejò dáadáa, ó bá a tàkúrọ̀sọ, àfìgbà tí àlejò lọ tán ló tó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn ò níṣòro. Inú ẹ̀ mọ́."

"Kí wá ló dé tójú yín le báyìí, bàbá?"

"Ilé tí mo kọ́ kò lóǹkà. Kò síbi tí orúkọ mi wà lára ẹyọ kan. Orúkọ ẹni tó fowó kọ́ ọ ni wọ́n ń kọ sára géètì. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Ẹni tó ń buwọ́ lu iṣẹ́ ẹ lónìí, lọ́la ó lè buwọ́ lu ayé ẹ, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, bàbá. Òun gan-an ló ń gbè mí lẹ́yìn."

"Ó dáa. Ọlọ́run á fọ̀nà hàn yín." Ó gbà, ṣùgbọ́n gbígbà rẹ̀ kò láyọ̀ nínú.

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn tàn ní gbọ̀ngàn pé àwọn ọ̀gá lókè fẹ́ yan olórí ẹ̀rọ ńlá. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tó ṣiyèméjì. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń pe Ìyàwó Ẹ̀rọ ní olórí. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ yọ̀ jù, ṣùgbọ́n ayọ̀ ń yọ lójú rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ọ.

Máníjà ránṣẹ́ pè é. Ó nu ọwọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

"Jókòó, jókòó. Kú oríire o! Mo gbọ́ pé ìgbéyàwó ti dé."

Ìyá Sítọ́ọ̀ nìkan ni wọ́n sọ fún níbi iṣẹ́. "Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Ọkọ ẹ fúnra ẹ̀ ni. Èèyàn gidi! Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, ó ń bẹ̀ mí nítorí ẹ. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé lọ́jọ́ tó o bá lóyún, òun á máa wá ràn ẹ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ. Ó ní bó o bá bímọ, ìyá òun á gba ọmọ tọ́. Kí n má tàn ẹ́, kó tó sọ ọ́, mi ò tíì ronú kan oyún rárá."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ dìde, Máníjà juwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Òun ló jẹ́ kí n rántí òfin wa náà. Tọkọtaya ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ níbí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ṣé òfin náà sọ pé obìnrin ni, sà?"

"Kò sọ ọ́." Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi bàbá tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Ṣé kí ọkọ ẹ wá jókòó sílé ni? Ìwọ náà rò ó wò. Àwọn ọ̀gá lókè béèrè ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn látọjọ́ yìí. Orúkọ ta ni wọ́n ń rí? Òun ni wọ́n yàn. Ilé kan náà ló ń lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kó o wá kọ́ ọ kó o tó lọ."

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, kò mọ̀. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló bá ara rẹ̀, láàárín bébà tí wọ́n tò dé àjà, Ọ̀bẹ sì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Wọ́n ti pè ọ́? Kí ni wọ́n sọ? Mo ti bá ẹ bá Máníjà sọ ọ́, mo fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni!"

"Ó yà mí lẹ́nu."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo rò pé ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Mo ní kí n tètè mú un kúrò lọ́kàn wọn."

"Ìwọ lo fi sí wọn lọ́kàn."

"Ìfẹ́ ló mú mi ṣe é."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ìkà lo ṣe sí mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bínú."

Ọ̀bẹ dìde. Ó ní òun ò gba ipò náà, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ pẹ̀lú ìbínú. Ọmọbìnrin náà dúró dè é. Nígbà tó padà, ó ń rìn bí ẹni tí òjò pa.

"Ó ní tí mi ò bá fẹ́, àwọn á mú ẹlòmíì wá láti ìta. Ọkùnrin ni, wọ́n tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣùgbọ́n òfin tọkọtaya ò yẹ̀, ká lọ pinnu ẹni tó máa lọ nínú wa."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ọmọbìnrin náà kò tíì gbà. Ó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dáadáa, ó mi orí, ó ní ó dun òun gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó oṣù làwọn ń bá àwọn ọ̀gá fà báyìí, kó ní sùúrù kí àwọn parí ìyẹn ná. Ó lọ bá àwọn obìnrin tó ń di ìwé pọ̀ lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n jọ lọ. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní òun ní ọmọ mẹ́rin. Ìyókù ń di ìwé lọ.

Lọ́jọ́ náà, ó jókòó ti Ìyá Sítọ́ọ̀ láàárín garawa yíǹkì, ó sọkún.

"Màmá, ẹ̀yin ti pẹ́ níbí. Ṣé òfin yìí ti wà tipẹ́ ni?"

Obìnrin náà fi ìdérí dé garawa kan. "Mo ti jẹ́ akọ̀wé níbí rí. Òkè yẹn ni mo jókòó sí. Mo fẹ́ ọkùnrin tó ń ṣírò owó níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo lọ."

"Ẹ̀yin? Báwo lẹ ṣe wá padà?"

"Ọkọ mi kú."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i.

"Wọ́n ṣàánú mi. Wọ́n ní sítọ́ọ̀ ló ṣẹ́ kù. Tọkọtaya ò sí mọ́, àbí, kí ni òfin tún fẹ́ wí?" Ó fi etí ìró nu ojú ọmọ ọlọ́mọ. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ látìgbà tí mo ti ń bá yín jíṣẹ́ fúnra yín. Mo kàn ń rò pé ayé ti yí padà ni."

"Tí mi ò bá fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́?"

"Wàá máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ, lábẹ́ ẹni tí wọ́n bá mú wá. Ìyẹn náà á ní kí o kọ́ òun. Ipò yẹn ò tún ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọkùnrin yẹn náà á sì lọ. Òfo méjì nìyẹn."

Ó gbìyànjú rẹ̀ síbẹ̀. Ó sọ fún Ọ̀bẹ pé kí kálukú máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀bẹ kò jiyàn, ó kàn ń rù sí i lójoojúmọ́, bó bá sì wá buwọ́ lùwé láàárọ̀, á buwọ́ lù ú kíá, á sì lọ. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà fi rí i pé òun kò lè sùn, òun kò lè jẹun, pé ẹni tóun fẹ́ fi ìyà jẹ kọ́ ni ìyà ń jẹ. Wọ́n padà sọ́dọ̀ ara wọn láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá Ọ̀bẹ jó, bàbá ọmọbìnrin náà sì dì mọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wá, Máníjà náà wá, ó fún wọn ní aago ńlá tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sára ògiri.

Ìyàwó ló fiṣẹ́ sílẹ̀, Ọ̀bẹ sì gba ipò olórí ẹ̀rọ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Ó ti kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ohun tó lè kọ́ ọ kó tó kúrò. Ojú Ọ̀bẹ mọ iṣẹ́ náà, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ọ. Ìyàwó kò sì rí iṣẹ́ míì. Ilé ìtẹ̀wé tó bá dé, wọ́n á wo òrùka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á béèrè ìgbà tó fẹ́ bímọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ká aṣọ nígbà tí fóònù dún. Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn ọkọ rẹ̀.

"Aya mi, jọ̀ọ́. Bébà ń jáde, àwọ̀ ẹ̀ ń ṣá. Mo ti yí gbogbo nǹkan tó ṣeé yí. Oníbàárà ti dúró."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

"Kí ni?"

"Mo ní kí o gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ."

Ọ̀bẹ gbé e sún mọ́ ọn. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó bọ́ sílẹ̀. Ó di ojú, ó tẹ fóònù mọ́ etí, ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, rólà kan sì ń ṣe ṣìràṣìrà níbi tí kò yẹ.

"Omi ti pọ̀jù lára rólà kejì. Dín in kù díẹ̀. Díẹ̀, mo ní! Jẹ́ kó yí ná. Ó tó. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó gbọ́ bí ohùn ẹ̀rọ náà ṣe yí padà. Ó gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ hó yè, tí ẹnì kan sì ń sún mọ́ fóònù. Máníjà ni. "Ó ti mọ́! Ó ti mọ́! Bá mi kí madam nílé o. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ nìyí? Ilé kan náà ni!"

"O ṣé, olólùfẹ́ mi," Ọ̀bẹ ní. Ohùn rẹ̀ kéré, ojú ń tì í. "Màá tètè dé."

Ó pa fóònù. Ìyàwó jókòó sórí àga láàárín aṣọ tí kò tíì ká tán. Kò tíì láyọ̀ tó báyìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tó mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn, ẹ̀rù bà á.

Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Kò fẹ́ kí ohun ìtìjú bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbé fóònù náà sórí itan, ó ń wò ó, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀rọ náà tún bàjẹ́ lọ́la.